Ṣé irin àdìmú lè sọ ọjọ́ tí ẹni tó ní MS ò ní lè rìn mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Àbúrò mi obìnrin ní MS, àìsàn ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní multiple sclerosis, Ìbàdàn ni wọ́n ti sọ fún wa. Ọkùnrin kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, nítòsí Tákíé, ní kó di irin kan mú, kọ̀ǹpútà wá gbé bébà jáde, ó ní nẹ́ẹ̀fù ẹ̀ ti kú dé ìdajì, pé tó bá fi máa di ọdún mẹ́ta orí kẹ̀kẹ́ arọ ló máa wà, àfi tá a bá ra oògùn òun. Ṣé tẹ́ẹ̀sì nẹ́ẹ̀fù tí wọ́n ń ṣe ní ọsibítù náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, rárá o. Kò tiẹ̀ jọ ọ́. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ìbéèrè irin yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi, torí àwọn tára ò yá ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà.

MS kì í ṣe àìsàn nẹ́ẹ̀fù ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀. Inú ọpọlọ, ògóóró ẹ̀yìn àti nẹ́ẹ̀fù tó ti ẹ̀yìn ojú wọ ọpọlọ ló ti ń ṣọṣẹ́. Ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń yí padà bó ọ̀rá tó bo nẹ́ẹ̀fù, tí wọ́n ń pè ní myelin, bí ìgbà téèyàn bó rọ́bà ara wáyà iná, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán á wá máa falẹ̀ tàbí kó má dé rárá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojúlówó tẹ́ẹ̀sì nẹ́ẹ̀fù ọwọ́ àtẹsẹ̀ pàápàá, èyí táwa dókítà ń fi iná kékeré ṣe, sábà máa ń dáa lára ẹni tó ní MS. Ká má wá sọ irin téèyàn kàn dì mú! Bóyá àtẹ́lẹwọ́ gbẹ tàbí ó ń làágùn nirú irin bẹ́ẹ̀ lè mọ̀, kò lè rí ọpọlọ. Ẹ ní kó ṣe é fún ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó fomi pa ọwọ́ nígbà kejì, kẹ́ ẹ wá fi bébà méjèèjì wéra.

Èyí tá à ń ṣe fún MS, evoked potential ni. Tá a bá mú ti ojú, a máa lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn orí, a máa bo ojú kan, ẹni náà á máa wo àmì dúdú àti funfun tó ń pààrọ̀ ara wọn, kọ̀ǹpútà á sì ka bó ṣe pẹ́ tó kí iṣẹ́ ojú tó dé ọpọlọ. Nǹkan bíi 100 mìlísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì kan, ló máa ń gbà lára ẹni tára ẹ̀ le. Láti 1972 ni àwọn dókítà kan ní London ti fi hàn pé ìfalẹ̀ yìí ṣì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tójú ti padà ríran dáadáa. A tún máa ń ṣe ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, àmọ́ bó ṣe pẹ́ tó kí iṣẹ́ láti ibẹ̀ tó dé ọpọlọ là ń kà, kì í ṣe nẹ́ẹ̀fù ọwọ́ àtẹsẹ̀ nìkan.

Ní ti ọjọ́ iwájú, ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bàjẹ́ gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, ewu pé ìrìn á nira fún un lẹ́yìnwá ọ̀la pọ̀ ju ti ẹni tí tiẹ̀ dáa lọ. Ewu la mọ̀ o, a ò mọ ọjọ́. Kò sí tẹ́ẹ̀sì kankan láyé tó lè sọ pé ọdún mẹ́ta. MRI, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, la ṣì ń gbára lé jù láti fi mọ̀ bóyá àìsàn náà ń jà.

Tí wọ́n bá ní kó wá ṣe ti ojú, kó fọ irun ẹ̀, kó má fi òróró sí i, kó yọ wíìgì, kó mú gíláàsì ẹ̀ dání. Tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíì, ibi tó ti ṣe àkọ́kọ́ ni kó padà sí.

Ooru tún wà níbẹ̀. Tó bá ń rẹ̀ ẹ́ sí i nígbà tí oòrùn mú, ìyẹn nìkan ò túmọ̀ sí pé nẹ́ẹ̀fù tún ti bàjẹ́, tára ẹ̀ bá tutù ó máa ń lọ. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé kú tàbí tójú kan ṣókùnkùn, tó sì ju wákàtí 24 lọ, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

N ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ ló mọ èyí tó bá a mu. Kó má sì dá oògùn tí wọ́n fún un dúró nítorí ọjà ẹnì kankan. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ kó fún ọkùnrin yẹn, ẹ fi wọkọ̀ lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó padà wá.