Bọ́ọ̀lù tó ń fò bíi pé inú omi ló wà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo wà. Mò ń kọ́ animation, ìyẹn àwòrán tó ń rìn. Mo ya bọ́ọ̀lù tó ń ta sókè sódò, àwòrán 24 fún sẹ́kọ́ndì kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa, àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé inú omi ló wà. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ọjọ́ méje ní àfi kí n ra tablet, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yàwòrán. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì ra nǹkankan. Ọ̀rọ̀ tablet yìí ti sú mi, ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí o, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín ni.

Ta ló ní dandan ni 24? Òótọ́ ni pé fréèmù 24, ìyẹn àwòrán tó ń kọjá lójú ẹ níkọ̀ọ̀kan, ni sinimá ń lò ní sẹ́kọ́ndì kan, ṣùgbọ́n àwa tá à ń fọwọ́ yà á, àwòrán kan la sábà máa ń lò fún fréèmù méjì, 12 péré nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan á wá jẹ́ 720 dípò 1,440. Àfi tí nǹkan bá ń sáré gan-an la máa ń ya àwòrán kan fún fréèmù kan.

Iye àwòrán kọ́ ló ń yọ bọ́ọ̀lù ẹ lẹ́nu, àlàfo àárín wọn ni. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé rúlà lo fi pín in dọ́gba-dọ́gba. Lọ wo ẹni tó ń gúnyán: ọmọ odó á rọra dé òkè, á fẹ́ẹ̀ dúró, tó bá wá ń bọ̀, gbì! Tó o bá fẹ́ ya ìyẹn, àwọn àwòrán tòkè á fún mọ́ra bí èrò inú mọ́tò Lafẹ́nwá, àwọn tìsàlẹ̀ á jìnnà síra wọn. Bọ́ọ̀lù ẹ náà nìyẹn. Bó ṣe ń já bọ̀, fà á gùn díẹ̀, tó bá kanlẹ̀ kó o tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ fún àwòrán kan péré, àmọ́ tó bá fẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kúrú o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bíi pé ẹnì kan fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Òkè, ilẹ̀, òkè: àwọn yẹn ni kó o kọ́kọ́ yà, kó o tó kún àárín wọn. Ìtòkú ò ṣáà jìnnà sí ẹ, àwọn ìyá tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n máa ń pín aṣọ sí ojú-ojú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún un, ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ta ló bi wọ́n ní tablet?

Bébà, perforator tó o máa fi lu ihò sí i, ìṣó méjì lórí pátákó tó máa wọnú ihò náà kí bébà má baà yẹ̀, ó tán. Tó o bá fẹ́ fi gíláàsì sórí gílóòbù kó o lè máa rí àwòrán tìsàlẹ̀, LED ni kó o lò, kì í ṣe èyí tó ń gbóná, mi ò sọ pé kó o dáná sunlé o. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn ẹ́, sinmi, tí ò bá lọ, lọ rí dókítà, èmi kì í ṣe dókítà.

Tún un yà ní 12, fi fóònù yà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Tó bá ṣì wà nínú omi, á jẹ́ pé rúlà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ.