Ṣé ẹfolúṣọ̀n ló kọ́ wa ní àáró?

Bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní àáró gan-an, àti pé ṣé òótọ́ lohun tí ọmọ òun tó wà ní yunifásítì ń sọ, pé ìwà rere kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé, pé ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ohun alààyè ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, ló fi sí wa lára.

Ẹ kú ìbéèrè sà. Àáró ni kí ojúgbà mélòó kan kóra jọ, wọ́n á ro oko tèmi lónìí, ó di tiyín lọ́la, títí á fi kárí. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀ o, àwọn èèyàn máa ń dà á pọ̀. Ti ọ̀wẹ̀, ẹ bẹ èèyàn, ẹ se oúnjẹ fún wọn, ó parí. Gbèsè ni àáró, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí kò san, kò sẹ́ni tó máa yọjú sóko ẹ̀ mọ́.

Ọmọ yín ò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Ní 1971, Robert Trivers, onímọ̀ nípa ẹfolúṣọ̀n, ṣàlàyé pé àwọn ẹranko tí kì í ṣẹbí lè máa ran ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n bá ń pàdé léraléra, tí wọ́n sì dá ẹni tó ń gba oore láìsan án padà mọ̀. Ní 1984 Gerald Wilkinson, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ nípa àwọn àdán kan ní Costa Rica tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu, èyí tí kò bá rí mu fún bí òru méjì sí mẹ́ta á kú, ni èyí tó yó á bá bi ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu, ẹbí ẹ̀ ni o tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn pọ̀. Kí la fẹ́ pe ìyẹn bí kò ṣe àáró?

Ibi tí mi ò ti bá a lọ nìyí. Darwin fúnra ẹ̀, ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n, kọ ọ́ ní 1871 pé ẹ̀yà tí àwọn èèyàn ẹ̀ bá ń ran ara wọn lọ́wọ́ ló máa ń borí ẹ̀yà míì, ẹ ṣàkíyèsí "borí" yẹn dáadáa. Ní Ṣágámù, àwọn Hausa ti ń bá àwọn ará Rẹ́mọ ná obì tipẹ́, síbẹ̀ ní July 1999 ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Orò, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ẹni tó ń bá àlejò tajà lálàáfíà àti ẹni tó gbé àdá nítorí "tiwa ni tiwa", ẹfolúṣọ̀n lè ṣàlàyé àwọn méjèèjì, kò sì ní sọ èyí tó dáa fún yín. Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó máa ń gbèjà Darwin, ti wí bẹ́ẹ̀ ní Oxford ní 1893, pé olè àti apànìyàn ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀dá bíi ti ẹni tó ń ṣàánú.

Ẹ̀kọ́ ilé ò tíì kúrò ńbẹ̀ sà. Wọ́n bí ọmọ pẹ̀lú ẹnu tó lè sọ̀rọ̀, àmọ́ Ìjẹ̀bú tó ń sọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Tó bá tún wálé, ẹ ní kó fi àdán ṣàlàyé ọ̀wẹ̀.