Fáníìṣì kọ́ ló máa gba ìbòrí táyà yín là

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. RAV4 ọdún 2008 ni mo ń wà, ẹ̀yìn ni táyà sípíà rẹ̀ wà. Mo gbé ìbòrí táyà náà, lẹ́dà ni, fún ẹnì kan tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù. Ó fi ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí i, ó sì ya òdòdó yí i ká. Kò pé oṣù méjì tó ti ń ṣí. Ó ní torí pé a ò fi fáníìṣì lé e lórí ni. Irú fáníìṣì wo ló lágbára jù? (Ìyá aláṣọ kan, Muṣin, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ má ra fáníìṣì kankan, mà. Kò sí èyí tó wúlò fún iṣẹ́ yìí nínú gbogbo wọn. Ìbéèrè yìí ti sú mi. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sú mi o, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín tí wọ́n tún ń fi ìmọ̀ràn ìkà lé e ni.

Lẹ́dà yẹn kì í ṣe awọ ẹran. PVC ni, ike tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ. PVC fúnra rẹ̀ le gbagidi, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi. Kó tó lè rọ̀ débi tí abẹ́rẹ́ á fi gún un, wọ́n ní láti po òróró kan mọ́ ọn, plasticizer lorúkọ rẹ̀. Òróró yìí kì í jókòó síbì kan. Bí oòrùn bá ti ń pa lẹ́dà láti àárọ̀ dalẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sun jáde sójú. Bí ó bá bá gúlọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí ọ̀dà ara lẹ́dà fi máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí eruku á sì gbá mọ́ ọn. Ibi tí kò bá lẹ̀, ó ti gan. Ọ̀dà ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé ni gúlọ́ọ̀sì, ohun tí kì í mira ló fẹ́. Ìbòrí táyà ní tirẹ̀, ẹ ń bọ́ ọ, ẹ ń wọ̀ ọ́ padà, atẹ́gùn ń gbọ̀n ọ́n lórí eré. Ó di dandan kí ọ̀dà náà sán bí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ni lẹ́sẹ̀.

Fáníìṣì tí wọ́n ní kí ẹ fi lé e ńkọ́? Òun náà á gan. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́ di lẹ́dà mú tí kò rí i dì mú. Òkè ni wọ́n wá ń kùn. Ṣe ni ọ̀dà á nípọn sí i, dípò kó máa ṣí wẹ́wẹ́, á wá máa ṣí ní abala ńláńlá. Àwọn kan tiẹ̀ gbọ́n jù, wọ́n ní kí ẹ lo kilíà táwọn akunmọ́tò ń fọ́n sára bọ́dì. Ṣé bọ́dì mọ́tò máa ń ká ni? Yàtọ̀ síyẹn, kilíà tí wọ́n ń po hádínà mọ́ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Ẹni tí kò bá ní ìbòmú tí wọ́n ṣe fún un kò gbọdọ̀ fọ́n ọn, ẹ má sì sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ohun tó ń dúró lára lẹ́dà ni íńkì tí wọ́n dìídì ṣe fún PVC. Tínà inú rẹ̀ máa ń jẹ ojú lẹ́dà díẹ̀, íńkì á wọlé, á di ara rẹ̀, bí lẹ́dà bá ká, wọ́n á jọ ká. Síkírínì, àwọ̀n tí wọ́n ń ti íńkì gba inú rẹ̀ kọjá, ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì dáa kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí lẹ́dà ṣì wà ní pẹrẹsẹ, kí aránṣíìtì tó rán an. Àwọn atẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé lẹ́dà ni. Íńkì tí wọ́n fi ń tẹ ti-ṣẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ iná tó gbóná tó 160°C kó tó jinná, ìbòrí yín á ti wú kó tó débẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìbòrí ike líle ni, sítíkà ti tó. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní cast. Oríṣi kejì, calendered, lowó rẹ̀ rọjú, àmọ́ ó máa ń sún kì, etí rẹ̀ á sì ká. Ní ti fọ́tò, aṣọ polyester ni wọ́n ń fi sublimation (fífi iná gbé íńkì wọ inú aṣọ) tẹ̀ ẹ́ sí, ní nǹkan bí 200°C. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é sára lẹ́dà, ẹ gba ìbòrí yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá.

Ìbòrí tẹ́ ẹ ní yẹn ti lọ, mà. Ẹ má fi tínà tàbí bẹntiróò fọ ọ̀dà yẹn kúrò, wọ́n á fa òróró inú lẹ́dà jáde, á sì gan pátápátá. Ẹ ra tuntun ní ọjà Ládípọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara táyà yín: bó bá jẹ́ 225/65R17, láti etí táyà náà kan dé èkejì, ó tó sẹ̀ńtímítà 72. Ẹ má jẹ́ káwọn afọmọ́tò fi nǹkan dídán tí wọ́n ń fi pa táyà kàn án kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, torí sílíkóònù inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí íńkì jókòó. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi sípíríìtì nù ún. Ẹ kọ́kọ́ dán sípíríìtì wò ní kọ̀rọ̀ kan, torí àwọ̀ lẹ́dà mìíràn máa ń ṣí. Ìbòrí náà ò gbọdọ̀ bo nọ́ńbà mọ́tò, iná tàbí kámẹ́rà ẹ̀yìn. Ẹ má sì kọ àmì ọlọ́pàá tàbí ti sójà sí i o, ẹni tó bá ṣe é ló máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó fi íńkì rẹ̀ kọ nǹkan sára àjákù lẹ́dà kan, kó sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Ẹ ká a po lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí ẹ já a fàà. Bí íńkì bá tẹ̀ lé téèpù, ẹ wá ẹlòmíì.