Ọjọ́ méje ni àbí ọjọ́ mọ́kànlá? Gígun alùpùpù láti Manali dé Leh

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. London ni mo ń gbé, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fi alùpùpù 125cc gbé oúnjẹ kiri. CBT, ìwé ìkọ́ṣẹ́ alùpùpù ti UK, ni mo fi ń gùn ún. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ lọ gun òkè Himalaya ní Íńdíà lóṣù keje, láti Manali dé Leh, pẹ̀lú àwọn tó ń kó èèyàn rìn. Iléeṣẹ́ kan ní ọjọ́ méje làwọn máa fi mú wa lọ. Òmíràn ní ọjọ́ mọ́kànlá, owó tiwọn sì ga gan-an. Ọ̀kan nínú wa ní ká kúkú má sanwó fún ẹnikẹ́ni, ká háyà alùpùpù ká máa tẹ̀ lé Google Maps. Èwo ni ká ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, AS ni mí o, ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ AS tó o fi parí ìwé rẹ, òun ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń bọ̀ lórí ẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kúrò lọ́nà, torí bí ìyẹn ò bá sí, ìrìn àjò ò sí.

CBT ò lè bá ẹ kúrò ní UK. Ìwé pé wọ́n ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gùn ún ni, kì í ṣe láísẹ́ǹsì tó pé. Alùpùpù tí wọ́n máa gbé fún ẹ ní Manali, Royal Enfield ni, 350cc sókè. Kó o tó lè gun irú ẹ̀ lábẹ́ òfin, o ní láti yege ìdánwò A2 tàbí A, ìyẹn láísẹ́ǹsì alùpùpù ńlá, kó o wá gba IDP ti ọdún 1949, ìyẹn ìwé ìwakọ̀ àgbáyé tí Íńdíà ń tẹ́wọ́ gbà. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ ìsanwó PayPoint ni wọ́n ti ń gbà á ní UK báyìí, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Àmọ́ ohun tó bá wà lórí láísẹ́ǹsì rẹ nìkan ni IDP ń tún kọ. Bí A2 ò bá sí níbẹ̀, IDP ò lè dá a bí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń háyà alùpùpù ní Manali kì í wo ìwé èèyàn dáadáa. Ọlọ́pàá pàápàá lè má dá ẹ dúró. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá kán lo máa tó mọ ìyàtọ̀, nítorí pé ìnṣọ́ránsì máa béèrè láísẹ́ǹsì kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò ni kì í gba alùpùpù tó ju 125cc mọ́ra rárá, òmíràn á ní àwọn ò bá ẹ kọjá ibi tó ga tó báyìí. Ka ìwé wọn dé ìsàlẹ̀, ibi tí lẹ́tà ti kéré.

Ó yá, ọ̀nà gan-an. Manali ga tó nǹkan bí 2,050 mítà sí ojú òkun, Leh sì jẹ́ bí 3,500. Tó bá jẹ́ báyẹn náà ló mọ ni, mi ò ní máa yọ ẹ́ lẹ́nu. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Láti oṣù kẹwàá 2020 tí wọ́n ti ṣí Atal Tunnel, ihò kìlómítà mẹ́sàn-án tó gba abẹ́ òkè Rohtang kọjá, ọ̀nà náà ti dín kù sí bí 430 kìlómítà. Lẹ́yìn ihò yẹn lòkè wá ń dé léraléra: Baralacha La, bí 4,890 mítà, Lachung La, ó lé ní 5,000, Tanglang La, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,330. “La” lédè wọn ni ibi tí wọ́n ń gbà sọdá láàárín òkè méjì. Lórí Tanglang La, ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí sínú jẹ́ bí ìdajì èyí tó ń rí mí ní London. Àìsàn òkè tó ń tibẹ̀ wá ò mọ ọ̀dọ́, kò mọ alágbára. Mo ti rí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, tí géńdé tó ń gbé irin ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Òfin tí àwọn dókítà òkè ń tẹ̀ lé rọrùn: bí o bá ti kọjá 3,000 mítà, má jẹ́ kí ibi tí o máa sùn lálẹ́ òní ga ju ti àná lọ ní ohun tó ju 500 mítà, kó o sì máa fi ọjọ́ kan sinmi láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ibi tó o bá gùn kọjá lọ́sàn-án ò dà bí ibi tó o gbórí lé lóru. Torí ẹ̀, bí iléeṣẹ́ kan bá kó ètò wá, má wo fọ́tò, má wo irú alùpùpù. Wo ibi tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ sùn, kó o kọ bó ṣe ga tó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Mi ò tíì rí ètò ọlọ́jọ́ méje tí wọ́n fi hàn ẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ irú ẹ̀. Wọ́n á sùn ní Manali lónìí, Sarchu lọ́la, nínú àgọ́, níbi tó ga tó 4,290 mítà. Ìfò tó lé ní 2,200 mítà lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ètò tó dáa á kọ́kọ́ dúró ní Jispa, tó ga bí 3,200, wọ́n á sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti Jispa sí Sarchu ṣì jẹ́ ìfò tó ju òfin lọ, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ ara tó ti sùn méjì ní Jispa ti ń mọ ohun tó ń bọ̀.

Sarchu yìí ni mo bẹ̀rù jù lójú ọ̀nà náà, kì í sì í ṣe torí gíga nìkan. Àárín òkè méjì ló wà. Oògùn tó dájú jù fún àìsàn òkè ni kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Láti Sarchu, kó o tó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jispa, o ní láti kọ́kọ́ gun Baralacha, tó tún fi 600 mítà ga jù ú lọ. Lọ́dún kan, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kó lọ ń gbìyànjú láti tú okùn àṣíborí alùpùpù (helmet) rẹ̀ nírọ̀lẹ́ níbẹ̀. Ìdè kékeré abẹ́ àgbọ̀n yẹn kọ̀, kò tú. Mo rò pé òtútù ló mú ìka ẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo ní kó wá rìn fún mi lórí okùn àgọ́ tí mo tẹ́ sílẹ̀, gìgísẹ̀ kan sí orí ìka ẹsẹ̀ kejì. Ìgbésẹ̀ kẹta, ó ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bí ọ̀mùtí. Orí fífọ́ ò ní ká má dúró wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè rìn gún régé, omi ti ń wọ ọpọlọ ẹ̀. A ò dúró kí ilẹ̀ mọ́. Inú mọ́tò tó ń tẹ̀ lé wa la gbé e sí, ọ́síjìn ní imú títí a fi sọdá Baralacha lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Jispa, ó ti ń béèrè tíì. Mọ́tò yẹn àti ìgò ọ́síjìn méjì inú ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí owó ọlọ́jọ́ mọ́kànlá ga.

Ó wá kan AS. Jẹ́nótaìpù yìí pọ̀ láàárín wa tó fi jẹ́ pé a kì í kà á sí àìsàn, òótọ́ sì ni, kì í ṣe àìsàn ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Lókè níbi tí ọ́síjìn ti kéré, àwọn ẹ̀jẹ̀ kan lára AS lè tẹ̀ bíi dòjé, kí wọ́n sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pọ̀ AS ló ti gun òkè lọ gun òkè bọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, nítorí náà mi ò sọ pé má lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o lọ rí dókítà ẹ̀jẹ̀ kó o tó sanwó, kó o sọ orúkọ Tanglang La àti gíga ẹ̀ fún un, kì í ṣe “mo fẹ́ lọ Íńdíà”. Oògùn acetazolamide tí àwọn tó ń gun òkè máa ń lò, má dá a lò. Òun ni kó sọ bóyá ó bá ẹ mu. Tí ìrora bá gbá ẹ mú lábẹ́ ìhà òsì lójú ọ̀nà, pẹ̀lú èébì tàbí láìsí èébì, má pè é ní inú rírun: ọ́síjìn, ìsàlẹ̀, ọsibítù. Ọsibítù ńlá SNM wà ní Leh. Kọ AS sórí ìwé kó o fún olórí ìrìn, kó o sì ṣàlàyé ẹ̀ fún un, torí bóyá ni ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ti gbọ́ ọ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ tiwọn? SS tàbí SC ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀nà yìí.

Bí dókítà bá ní rárá, ayé ò tíì parí. Láti Chiang Mai ní Thailand, èèyàn lè yí Mae Hong Son po, bí 600 kìlómítà, ìkọ́nà 1,864 ni wọ́n kà síbẹ̀, inú igbó tútù, níbi tí gíga ò ti ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ òsì náà ni wọ́n ń gbà bíi ti London àti ti Íńdíà.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín tó ní Google Maps ti tó: káàdì SIM tí èèyàn rà ní Delhi tó ń fi owó sí kó tó pè, kì í ṣiṣẹ́ ní Ladakh, agbègbè tí Leh wà. Ọ̀nà ńlá kan náà lẹ sì máa tẹ̀ lé, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó ṣì yà. Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni ẹni tó mọ ìgbà. Odò kéékèèké tí yìnyín ń yọ́ sínú wọn máa ń gba orí ọ̀nà kọjá, “nala” ni wọ́n ń pè wọ́n. Láàárọ̀, omi ẹ̀ ò kọjá kókósẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán tí oòrùn ti pa yìnyín lókè, ó lè dé orúnkún. Olórí tó mọṣẹ́ á jí yín láago márùn-ún, ẹ ó bú u nínú yín, lẹ́yìn náà ẹ ó kọjá nígbà tí àwọn tó sùn pẹ́ ń dúró létí omi. Tó o bá wọ inú ẹ̀: jíà kìíní, fi orúnkún di táǹkì mú, má tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, ojú ẹ sí etí òdìkejì. Òkúta abẹ́ omi yẹn ń yọ̀ bí ilá.

Epo náà wà níbẹ̀. Ní Tandi, lẹ́yìn Atal Tunnel, pátákó tó ti di olókìkí sọ fún èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kìlómítà 365 ló kù sí ilé epo tó kàn. Mọ́tò tó ń tẹ̀ lé yín ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì.

Alùpùpù: bí wọ́n bá fún yín láàyè, ẹ mú Himalayan, ẹ fi Bullet àtijọ́ sílẹ̀, Royal Enfield ni méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì náà ń mí o. Èyí tó ń lo kabúrétọ̀ á máa gba epo jù lókè, á tú èéfín dúdú, pọ́lọ́ọ̀gì á di bí èédú. Himalayan ń díwọ̀n epo fúnra ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tiẹ̀ náà á dín kù gan-an. Ó wúwo tó bíi 200 kìlógíráàmù, kò jọ èyí tó ò ń gbé oúnjẹ lé. Lẹ́yìn ìdánwò A2, lọ gun irú ẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Oṣù keje yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgbà òjò ní ìhà Manali ni. Ní oṣù keje 2023, ìkún omi gbé apá púpọ̀ nínú ọ̀nà Kullu sí Manali lọ. Ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ni màá mú. Òtútù á pọ̀ lóru, àmọ́ odò á ti fà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ rèé: ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Leh, ẹ sinmi ọjọ́ méjì gbáko láìfọwọ́ kan alùpùpù, ẹ gun Khardung La lọ sí àfonífojì Nubra, tó ga bí 3,100 péré, kẹ́ ẹ tó wá gba Tanglang La bọ̀ wá sí Manali. Kẹ́ ẹ tó dé Sarchu, ara yín á ti mọ́ ọ. Ẹ máa nílò ìwé àṣẹ fún Nubra, iléeṣẹ́ ló ń bá yín gbà á. Alùpùpù Leh ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀ o, àwọn ọmọ ìlú kì í gbà kí èèyàn fi èyí tó háyà láti Manali tàbí Delhi gun ibẹ̀. Pátákó orí Khardung La sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé 18,380 ẹsẹ̀ bàtà ni. Irọ́ ni, nǹkan bí 5,359 mítà ni, kò tó 17,600 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀.

Omi ni kẹ́ ẹ máa mu, ẹ jìnnà sí ọtí. Tẹ́ ẹ bá dé àgọ́ oúnjẹ tí wọ́n ní Maggi wà, kì í ṣe màgí ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí à ń pè ní Indomie ni, gbígbóná ẹ̀ sì dùn lókè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kọ orúkọ ibi tí iléeṣẹ́ méjèèjì fẹ́ kẹ́ ẹ sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ohun tí dókítà bá sọ. Kó o tó gbọ́ èsì mi, má san àsansílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.