Ọmọ mi ń fẹ́ ọmọ ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́ ilẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni a wà. Bàbá ọkọ mi wá kí wa láti Ìbàdàn, eré kábọ́ì àtijọ́ ni àwọn àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 jọ máa ń wò. Lọ́jọ́ kan wọ́n wo Bonanza, ibi tí Little Joe ti ń fẹ́ ọmọ aládùúgbò tí bàbá rẹ̀ ń bá du ilẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé tó bá jẹ́ òun ńkọ́. Àṣé ó ní ìdí. Ó ti ń fẹ́ ọmọ ẹnì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi tẹ́lẹ̀, tí òun àti ọkọ mi ṣì wà ní kọ́ọ̀tù lórí ilẹ̀ Ìkòròdú. Ọkọ mi kò tíì mọ̀. Ṣé kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ṣé kí n ní kí bàbá má jẹ́ kó wo eré yẹn mọ́?

Èsì

Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ẹ fi bàbá sílẹ̀ kí wọ́n máa wo eré wọn. Ní 12 Oṣù Kẹsàn-án 1959 ni Bonanza bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá yín bá eré yẹn dàgbà ni. Bàbá tèmi máa ń dárúkọ Adam, Hoss àti Joe, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta inú eré náà, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èyí tí ọmọ yín wò, mo mọ̀ ọ́n. The Truckee Strip ni wọ́n pè é, ọdún 1959 náà ló jáde. Ben Cartwright, bàbá Joe, àti Luther Bishop ti ń fa ilẹ̀ kan mọ́ra wọn lọ́wọ́ tipẹ́, Joe wá lọ kó sínú ìfẹ́ Amy, ọmọ Bishop. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ṣe ti Julia Bulette, obìnrin tí Joe kó sínú ìfẹ́ rẹ̀, tó dàgbà jù ú lọ, tó ní ilé ọtí ní Virginia City. Bàbá Joe kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ìgbà tí àìsàn bẹ́ sílẹ̀ nílùú, tí obìnrin náà ń tọ́jú àwọn aláìsàn, ni bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wò ó. Wákàtí kan péré ni gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Joe nìkan ni mò ń wò. Ní báyìí, àwọn tó kù nínú ilé ni mò ń wò. Ìyàwó mẹ́ta ni Ben fẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìyá tirẹ̀. Joe kò ní ìyá tó lè bá a bẹ bàbá. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n méjì. Ohun tí bàbá bá fi ìbínú dá sílẹ̀, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè bá wọn dá sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé wa. Ọmọ tí bàbá bá lé jáde, ilé ìyá àgbà ni yóò sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, àbúrò bàbá á mú un wálé, á ní kó dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Nílẹ̀ òkèèrè yìí, èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan ni gbogbo ẹbí tí ọmọ ní. Tí àwa méjèèjì bá ti ní rárá, kò sí ẹlòmíràn tó máa lọ bá.

Ọmọ Ifẹ̀ ni ọkọ mi. Ilé bàbá rẹ̀ jóná nínú ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 tí kò sì rọlẹ̀ títí di 2000. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ogun náà lọ. Manchester níbí la wà nígbà tí fóònù dún lóru, a kò sì rí ọ̀nà lọ sìnkú.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àkọ́bí mi ọkùnrin mú ọmọbìnrin kan wálé. Nọ́ọ̀sì ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí èmi fúnra mi bí, kò sí èyí tó ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀ àfi tí mo bá fojú bá a sọ̀rọ̀. Ìrẹsì àti ayamáṣe ni mo sè. Ọkọ mi béèrè ohun tí gbogbo wa máa ń béèrè, pé ọmọ ibo ni. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Modákẹ́kẹ́ ni, sà. Ilé kan náà la ti wá."

Ọkọ mi gbé ṣíbí kalẹ̀. Kò pariwo. Ó dìde, ó gòkè lọ, a sì gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn yàrá.

Ọmọbìnrin náà jókòó fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó kó àwo tirẹ̀ àti tèmi lọ sí ìdí sínkì, ó fọ̀ wọ́n, ó nu ọwọ́, ó tún kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Àwo ọkọ mi, kò fọwọ́ kàn án. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló bà á tàbí ó ń bọ̀wọ̀ fún oúnjẹ tí ẹlòmíràn kò tíì jẹ tán. Mo máa ń rò ó tí n bá ń fọ àwo.

Lálẹ́, ọmọ mi wá bá mi ní ìdáná. "Mummy, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀." Mo ní, "Ohun tí bàbá rẹ bá sọ náà ni." Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sínú òjò. Ọmọbìnrin náà fi í sílẹ̀ kó tó pé ọdún. Ọmọ mi ṣì ń pè mí, ó ń béèrè bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í béèrè bàbá rẹ̀. Tó bá wá, kì í sùn mọ́jú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn bú ọkọ mi. Ẹni tí kò gba fóònù òru yẹn kò lè bá a ṣèdájọ́. Èmi náà, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dúró sẹ́yìn ọmọ, kí ọkọ mi nìkan wá máa ru òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Mo mọ̀ pé àwọn òbí ọmọbìnrin náà ti sin òkú tiwọn náà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmọ mi kò mọ ìtàn náà rárá. Nígbà ogun, yàrá la máa ń wọ̀ ká tó sọ ọ́, kẹ́rù má bàa ba àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ogun, a ní kí ìlú tutù ná. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ọkọ̀ òfuurufú èèyàn márùn-ún kò ṣeé dá. Ọmọ mi kò rí ilé tó jóná, kò mọ ojú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ìbínú nìkan ló bá lórí tábìlì lọ́jọ́ Sunday. Iṣẹ́ òru ni mo ṣe títí wọ́n fi kàwé jáde, nítorí náà n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé a kò tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí mo tọ́ wọn dé nìyẹn.

Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 á ra òmíràn. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkòròdú fún un látòkèdélẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ sanwó, rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ yín, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, ohun tí ọkọ yín fi sílẹ̀ kó tó rí owó yẹn kó jọ. Kó mọ ohun tó ń dun bàbá rẹ̀ kó tó gbọ́ pé bàbá kò gbà. Tí ẹ bá mọ ìyá ọmọkùnrin náà, ẹ pè é. Ní ti kí ọkọ yín yọwọ́ nínú ẹjọ́, n kò lè dá yín nímọ̀ràn lórí ìyẹn, owó àti òógùn ẹlòmíràn ni.

Bàbá wà nínú ilé yín. Àwa kò ní irú wọn nílé lọ́jọ́ Sunday yẹn. Ẹ sọ fún wọn ní ìdákọ́ńkọ́, kí físà wọn tó parí, kí àwọn ló bá ọmọ wọn sọ ọ́. Kí ọmọbìnrin yín sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.