Èsì: Ṣé mo lè gé /home kù kí n fi kún /var lórí RHEL 9?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ ní lórí RHEL 9 (Linux ti Red Hat) yín, /var (ibi tí log àti dátà ètò ń gbé) ti kún, àyè sì pọ̀ lórí /home (ibi fáìlì àwọn aṣàmúlò), ẹ sì ní RAID 1 lẹ ń lò (dísìkì méjì tí wọ́n ń kọ ohun kan náà sí). Tó bá jẹ́ XFS (filesystem kan, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà to fáìlì sórí dísìkì) ni ẹ lò, ẹ má dán an wò. XFS ṣeé fẹ̀ lójú iṣẹ́, àmọ́ kò ṣeé gé kù bíi ti ext4, filesystem mìíràn. Silicon Graphics ló kọ́kọ́ ṣe é fún IRIX, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tiwọn, nítorí àwọn fáìlì ràgàjì. Láti RHEL 7 ní 2014 ni Red Hat sì ti ń fún gbogbo wa ní XFS bí a ò bá yan òmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ àyè náà: `du -xh --max-depth=1 /var`. Tó bá jẹ́ journal (àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ètò) ni, `journalctl --vacuum-size=500M` lè ti tó.

Bí kò bá tó, tó sì jẹ́ LVM (ètò tó ń pín àyè dísìkì sí volume tó ṣeé fẹ̀) ni ẹ fi tò ó, ẹ ra dísìkì tuntun: `pvcreate` láti pèsè rẹ̀, `vgextend` láti fi kún àkójọ àyè, lẹ́yìn náà `lvextend -r -L +50G /dev/rhel/var`. `-r` yẹn ló máa fẹ filesystem fúnra rẹ̀. Ẹ ò ní pa sáfà nítorí fífẹ̀ yìí. Èmi fẹ́ràn èyí jù.

Ṣé kò sówó dísìkì? Ẹ fi `xfsdump` kó /home síbòmíràn, ẹ pa volume náà rẹ́, ẹ dá kékeré, kí ẹ wá fi `xfsrestore` dá dátà padà, kí ẹ sì fi `lvextend` kan náà fi àyè tó ṣẹ́kù kún /var. Ẹ yẹ dump náà wò dáadáa kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ o! RAID 1 tí ẹ mẹ́nu bà kì í ṣe backup: fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́, orí dísìkì méjèèjì ló ti kúrò.