Ọgbà Kyoto kì í ṣe ọgbà òdòdó

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Kyoto ní Japan fún ọjọ́ méjì lóṣù kẹfà. Ajẹ́ńtì mi ní kí n má wulẹ̀ dé ọgbà àwọn tẹ́ḿpìlì wọn, pé òdòdó sakura ti rẹ̀, òjò nìkan ló kù. Ó ní kí n sún ìrìn àjò náà di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Oṣù kẹrin ni òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ máa ń wọ́n gan-an, ẹni tó ń tà á fún yín sì mọ̀.

Orúkọ tí a ń pè é ló ń ṣì wá lọ́nà. “Ọgbà òdòdó” la máa ń sọ, ọkàn wa á sì lọ sórí òdòdó. Òkúta, omi, igi àti koke ni ọ̀pọ̀ ọgbà tẹ́ḿpìlì Kyoto dúró lé. Koke ni nǹkan tútù tó máa ń bo ara ògiri wa lójò, tí à ń ha dànù. Ìtọ́jú ni wọ́n ń tọ́jú tiwọn. Ní tẹ́ḿpìlì Saihoji, oríṣi rẹ̀ tó nǹkan bí 120, ó tẹ́ sábẹ́ igi bí ẹní. Tí ọ̀dá bá dá, á gbẹ, á pàwọ̀ dà. Òjò oṣù kẹfà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yẹn ló ń jí i.

Ẹ tún wo tẹ́ḿpìlì Ryoanji. Òkúta 15 ló wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí wọ́n fà ní ìlà-ìlà, bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà. Ibi yòówù kí ẹ jókòó sí lọ́dẹ̀dẹ̀, ó kéré tán ọ̀kan á pamọ́ fún yín. Kí ni sakura fẹ́ fi kún ìyẹn? Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, wíwò ni. Ní tẹ́ḿpìlì Tofukuji, Mirei Shigemori, ọ̀gá nínú ṣíṣe ọgbà, to òkúta àti koke bíi pátákó dráàfù lọ́dún 1939. Oṣù wo nìyẹn ń rẹ̀?

Láti 1977, èèyàn kì í ṣàdédé yà sí Saihoji. Ẹ gba àyè kí ẹ tó kúrò nílé. Kyoto Gyoen, ọgbà igi ńláńlá tó yí ààfin àtijọ́ ká, kò gbowó. Òfin àti àkókò máa ń yí padà, nítorí náà ẹ yẹ ojú ewé tẹ́ḿpìlì fúnra rẹ̀ wò, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ mi nìkan. Òkúta ojú ọ̀nà máa ń yọ̀ lójò. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ fi ibi tí àtẹ̀gùn pọ̀ sí sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́.

Ryoanji ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kún. Ẹ mú agbòjò dání.